Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé fún Ajá Tó Ń Wá Ilé

“Akọ ajá, dúdú, ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kò fẹ́ràn ológbò. Kò yẹ fún ilé tí ọmọ kékeré wà. Ẹni tó mọ̀ nípa ajá dáadáa nìkan ni kó pè.”

Bí ẹ bá ti wo ojú-ewé àwọn ajá tó wà ní ilé ìtọ́jú rí, àwọn tí olówó wọn já sílẹ̀ tàbí tí wọ́n rí he ní títì, irú pùròfáìlì yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Kò jọ pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ tún un kà, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ rí ajá níbẹ̀. Èmi ò rí ajá o. Ìwé ẹ̀sùn ni mo rí.

Mo mọ ajá náà. Dúdú la ń pè é. Bó bá ti gbọ́ ìró garawa oúnjẹ lọ́ọ̀ọ́kán, á fi ẹnu gbé abọ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà àgò, á jókòó tì í, kò sì ní gbó. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ á ti máa pariwo, á kàn máa wò wọ́n bí àgbàlagbà tó bá àwọn ọmọdé nídìí ìjà. Tẹ́ ẹ bá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kẹ̀yìn sí yín, á wá fara ti ẹsẹ̀ yín, á gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé e títí ẹsẹ̀ ọ̀hún á fi kú. Ìgbálẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Èwo nínú gbogbo èyí ló wà nínú pùròfáìlì yẹn? Kò sí ẹyọ kan. Oṣù méje ló sì ti lò níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dojú rú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni pé wọn ò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan gbà pé ìpolówó ọjà ni. Ìpolówó sì ni àgúnmu òwò, nítorí náà wọ́n á fi oyin sẹ́nu: ajá yìí dára, ó rẹwà, ó nífẹ̀ẹ́ gbogbo èèyàn. Àwọn kan gbà pé ìkìlọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bá wọn lọ́la pé wọn ò sọ fóun. Àwọn wọ̀nyí ló kọ ti Dúdú. Lójú tèmi, iṣẹ́ alárinà ni. Alárinà ò wá kí gbogbo ìlú fẹ́ràn ẹni tó ń ṣalágbàwí fún; ilé kan ṣoṣo ló ń wá. Tó bá parọ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á dá ọ̀rọ̀ padà sí. Tó bá sì jẹ́ pé àléébù ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àwòrán bẹ̀rẹ̀, torí òun lojú ń rí kó tó ka ohunkóhun. Petfinder, ìkànnì tó ń ṣàfihàn ajá àti ológbò tó ń wá ilé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1996. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fojú kàn án. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwòrán tó wà ní ìkànnì yẹn. Wọ́n mú àwọn ajá tó jọra, wọ́n wo irú àwòrán tí wọ́n fi polówó wọn, wọ́n sì wo iye ọjọ́ tí wọ́n lò kí wọ́n tó rí olówó. Àwọn tó tètè ń lọ ni àwọn tí wọ́n yà níta gbangba, tí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń wo kámẹ́rà, tí àwòrán wọn ò sì rí bàìbàì.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ajá náà sì mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí dúró síwájú àgò àwọn ajá tó ń wá ilé, wọ́n ya fídíò ojú ajá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì ka iye ìgbà tó fa awọ òkè ojú rẹ̀ sókè láti apá inú, ìyẹn ojú àánú tí gbogbo ẹni tó ti jẹun níwájú ajá mọ̀ dáadáa. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2013. Ajá tó ṣe é nígbà márùn-ún lo nǹkan bí ọjọ́ 50 kó tó kúrò níbẹ̀. Èyí tó ṣe é nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo nǹkan bí 28. Lọ́dún 2019, àwọn mìíràn tú iṣan ojú ajá àti ti ìkookò wò, wọ́n rí i pé iṣan tó ń fa apá ibẹ̀ sókè wà lójú ajá dáadáa, àmọ́ ti ìkookò ò tó nǹkan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò le: bí irun bá bo ojú ajá, ẹ fọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ya á.

Bí a ṣe ya Dúdú nìyí. A kọ́kọ́ mú un rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tọ̀, kó gbóòórùn ilẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀, torí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àgò kì í ráyè kámẹ́rà. Ajá dúdú sì ṣòroó yà. Fóònù á rí gbogbo ara rẹ̀ bí òkùnkùn kan náà, ojú rẹ̀ á rì sínú irun. A ò yà á nínú oòrùn gangan, a ò sì tan iná kámẹ́rà. Abẹ́ igi la lò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ láti iwájú rẹ̀, tí koríko tútù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ pátápátá kí fóònù lè wà ní ọ̀gangan ojú rẹ̀, mo fi ìka tẹ ojú ajá náà lórí fóònù kí ìmọ́lẹ̀ lè gbéra níbẹ̀. Ẹnì kejì mi dúró lẹ́yìn mi, ó fún ohun ìṣeré oníke kan tó ń dún: fín-ìn! Dúdú dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó ti wojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àwòrán tó lé lọ́gọ́ta, mẹ́ta péré la rí lò. Aṣọ mi ò sì mọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má ya ajá mọ́ irin àgò tí ẹ bá ní ibòmíràn tẹ́ ẹ lè yà á sí. Irin yẹn máa ń mú kí ẹni tó ń wò ó máa rò ó lọ́kàn pé kí ló ṣe? Fídíò ìlàjì ìṣẹ́jú kan tí ajá náà ti ń rìn pẹ̀lú okùn lọ́rùn, tí kò fà, tí kò já, ń ṣe ju àwòrán mẹ́wàá lọ. Ní ti ohun tí wọ́n máa ń sọ pé ajá dúdú ló ń pẹ́ jù torí pé àwọn èèyàn ò fẹ́ dúdú, àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ò fẹnu kò lórí rẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ò ju pé àwòrán burúkú ń ba ajá dúdú jẹ́ ju bó ṣe ń ba ajá pupa jẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìran ajá ni àṣìṣe ti wá pọ̀ jù. Ẹni tó ń ka “pit bull”, irú ajá alágbára tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, tàbí “Labrador” lórí pùròfáìlì á rò pé ẹnì kan mọ bàbá àti ìyá ajá náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó gba ajá wọlé ló wo orí rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó sì kọ ohun tó jọ ọ́ lójú. Lọ́dún 2015, ìwádìí kan jáde láti Florida: wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú mẹ́rin sọ irú ajá tí 120 ajá jẹ́, wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò DNA fún àwọn ajá náà. Àwọn kan tí wọ́n pè ní pit bull ò ní in lára rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ò tiẹ̀ fẹnu kò lórí ajá kan náà.

Orúkọ tí wọ́n fi ojú wò yìí sì ń dá ajá dúró. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ajá tí wọ́n kọ pit bull sí lára máa ń lò ju ìlọ́po mẹ́ta ọjọ́ tí ajá tó jọ ọ́ lò, èyí tí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí. Ní ilé ìtọ́jú kan ní Florida, wọ́n yọ orúkọ ìran kúrò lára káàdì àgò, àwọn tó ń mú irú ajá wọ̀nyẹn lọ sílé sì pọ̀ sí i. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olówó ajá tó lé ní 18,000, wọ́n sì yẹ DNA ajá tó lé ní 2,000 wò. Wọ́n rí i pé ìran ò lè sọ ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà ajá kan àti èkejì. Nítorí náà, èmi kì í kọ ìran tí mi ò mọ̀. Mo máa ń kọ bí ajá ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó, bóyá irun rẹ̀ ń já sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń gbé nílé kékeré fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Àmọ́ ṣá o, ibi tí òfin bá ti wọ ọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀wà ìkọ̀wé níbẹ̀ mọ́. Ní England, òfin ọdún 1991 fi òfin de irú àwọn ajá kan, ìrísí wọn ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀, kì í ṣe ìwé ìbí wọn. Wọ́n fi XL Bully, irú ajá ńlá kan, kún un ní òpin ọdún 2023. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ ti yanjú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ajá sójú-ewé.

Ó wá ku ibi tó ń ba gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé lẹ́rù: àléébù. Ṣé ká sọ ọ́ ni, àbí ká gbé e pa mọ́? Ká sọ ọ́ ni, àmọ́ ká sọ ohun tí ojú rí, ká má ṣe sọ ìdájọ́. “Kò fẹ́ràn ológbò” ìdájọ́ ni. Ta ló rí i? Níbo? Ẹ̀ẹ̀melòó? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ti Dúdú. Olùtọ́jú ní inú ìwé lòun ti rí i. Ìwé ní ẹni tó mú un wá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí onítọ̀hún sì sọ ni pé ajá náà lé ológbò kan ní títì lẹ́ẹ̀kan, ológbò náà sá gun igi, ajá padà sílé. Gbogbo ẹjọ́ náà nìyẹn! Oṣù méje. “A ò tíì rí i nínú ilé pẹ̀lú ológbò” ló yẹ kí wọ́n kọ, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín gbólóhùn méjèèjì pọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ, torí pé èkíní ń ti ìlẹ̀kùn, èkejì ń pe èèyàn wá béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ló sáré láti ẹ̀yìn wá dì mọ́ ọn, Dúdú ta gìrì, ó sá sábẹ́ tábìlì. Kò kùn, kò gbó, kò yọ eyín. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ ni pé ọmọ tó ti lè jókòó jẹ́ẹ́ á bá a mu ju èyí tó ṣì ń sáré kiri lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń sá fún ìdájọ́. Ajá inú àgò dà bí ẹni tí wọ́n jí gbé lóru, tí wọ́n wá ní kó máa rẹ́rìn-ín fún àlejò. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ méjì ṣe ìṣirò lórí àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń sọ tẹ́lẹ̀ nílé ìtọ́jú pé ajá kan máa jẹ́ oníjà nílé. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni pé kò sàn ju kéèyàn ta kọ́ìnsì sókè lọ. ASPCA, ẹgbẹ́ tó ti ń gbèjà ẹranko ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1866, náà tọpa àwọn ajá tó ń ṣọ́ oúnjẹ wọn, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn, nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dé ilé àwọn tó gbà wọ́n. Díẹ̀ gan-an ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé.

Kì í ṣe pé mò ń sọ pé kí ẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀ o. Ajá tó bá ti gé èèyàn jẹ, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ mú un sì gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Èmi fúnra mi ti fi orí gbá irú rẹ̀ rí. Abo ajá kan báyìí, aláwọ̀ eérú, tó fẹ́ràn kéèyàn máa fọwọ́ pa á láyà. Mo kọ “jẹ́jẹ́ ni” nípa rẹ̀, òótọ́ sì ni tẹ́ ẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ tí mi ò kọ ni pé bó bá ti ku òun nìkan, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, á máa fi èékánná họ ilẹ̀kùn. Mo rò pé tó bá dé ilé tó dára, á fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n dá a padà. Ilẹ̀kùn ti bàjẹ́, àwọn ará ilé kejì ti bá wọn jà, ìyàwó ilé náà ń sunkún bó ṣe ń fún wa ní okùn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló tún lò, “wọ́n ti dá a padà rí” sì ti wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo tún un kọ, ohun tí mo kọ síwájú ni: “Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ló ń wá. Á sùn sábẹ́ àga yín láti àárọ̀ di alẹ́.” Aránṣọ kan tó ń rán aṣọ nínú yàrá rẹ̀ ló wá mú un.

Ẹ̀rí tó gbajúmọ̀ jù lórí pé òtítọ́ lè rí ẹni tirẹ̀ ni ti Prancer. Chihuahua kékeré kan ni, ní New Jersey. Lọ́dún 2021, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Facebook tó jẹ́ pé èébú ni kìkìdá: ajá yìí kórìíra ọkùnrin, ó kórìíra ọmọdé, ó kórìíra ajá àti ológbò, bí iwin ló sì rí nínú ilé. Àmọ́ ó fi kún un pé ó jẹ́ olóòótọ́ sí obìnrin tó bá ti gbà, pé inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá wọ mọ́tò. Kárí ayé ni wọ́n ti kà á tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní Connecticut tí kò sí ọkùnrin, ọmọ tàbí ẹranko mìíràn nílé rẹ̀ ló mú un. Kì í ṣe èébú ló ṣiṣẹ́ o, bí àwọn kan ṣe ń ṣe àfarawé rẹ̀ káàkiri báyìí. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu, bó bá kà á, á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ní ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, mi ò ní gùn ún jù. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni fóònù máa ń fi han èèyàn, nítorí náà ohun tí ajá náà ń ṣe ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ọdún rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀dá títẹ̀, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ yọ “nìkan” àti “rárá” kúrò níbi tí wọn ò bá ti pọn dandan. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ ọ́ bíi pé ajá ló ń sọ̀rọ̀, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé”, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń ṣe é tó ń mówó bọ̀ fún wọn ní ti ìtọrẹ, nítorí náà mi ò bá wọn jiyàn. Ẹkún nìkan ni mo takò. Ẹni tí àánú gbé wá lónìí, àánú yẹn lè ti gbẹ lọ́jọ́ tí ajá bá tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì.

Níbo lèèyàn ti wá ń rí irú ọ̀rọ̀ tójú rí bẹ́ẹ̀? Kì í sí lẹ́yìn irin àgò. Ẹ mú ajá jáde. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, rí i pé ajá tí àwọn èèyàn mú jáde fún wákàtí díẹ̀ ní àǹfààní láti rí ilé ní ìlọ́po 5 ju àwọn tí wọn ò mú jáde lọ. Àwọn tó lọ sun ilé ẹnì kan fún alẹ́ kan tàbí méjì, ìlọ́po 14. Àwọn tó mú wọn lọ máa ń sọ nípa wọn fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n sì máa ń padà wá pẹ̀lú ìròyìn tí olùtọ́jú ò lè ní: bóyá ó ń hanrun, bóyá ó gun àga, ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo máa ń fún wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ṣe tó pa yín lẹ́rìn-ín?

Ẹni tó gbé Dúdú sùn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní nígbà tóun ń gbálẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó bá a lọ sínú balùwẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí òun fi gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ èyí jáde:

“Dúdú máa ń gbé abọ́ rẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ń lọ sóde. Kì í gbó tí ebi bá ń pa á. Á kàn gbé e wá jókòó síwájú yín. Tẹ́ ẹ bá jókòó sílẹ̀, á fara tì yín. Ìgbálẹ̀ ń bà á lẹ́rù, ẹ jẹ́ kó kúrò nítòsí kí ẹ tó gbálẹ̀. Ọmọ tó ti lè ṣe jẹ́jẹ́ á gbádùn rẹ̀. Àwọn tó ń sáré láti ẹ̀yìn wá máa ń kó jìnnìjìnnì bá a. Ó lé ológbò kan rí níta, a ò sì tíì rí i pẹ̀lú ológbò nínú ilé, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn mẹ́ta pè. Ẹni àkọ́kọ́ ní ológbò méjì, a sọ̀rọ̀ pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kóun má dán an wò. Ẹnì kejì fẹ́ ajá tó máa ṣọ́ ilé. Ẹnì kẹta, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ò béèrè ológbò, kò béèrè ọmọdé. Ó ní, “Abọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kó gbé e dání bọ̀?”